Ṣé Ẹni Tí Kò Ṣe Nǹkan Lè Jẹ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Dádì Bódìjà, ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. A jọ ń wo fíìmù kan lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi tí a ń pè ní dókúmẹ́ńtárì, èyí tí ó dá lórí àwọn ọmọkùnrin márùn-ún tí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n ohun tí wọn kò ṣe ní ìlú New York. Bí a ti dé ibi tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti jókòó níwájú kámẹ́rà ọlọ́pàá, tí ó ń to ohun tí wọ́n ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lẹ́sẹẹsẹ, ni Dádì bọ́ awò ojú wọn, tí wọ́n sì ní, "Bí kò bá ṣe é, kí ló ń jẹ́wọ́ sí? Ṣebí ẹnu ara rẹ̀ nìyẹn." Wọ́n fi òwe tì í lẹ́yìn, pé ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

N kò rí èsì fọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé ìbéèrè òmùgọ̀ kọ́ ni wọ́n bi mí. Ó dá mi lójú pé irú rẹ̀ ni ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọ náà ní 1990, tí wọ́n sì dá wọn lẹ́bi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó pé ìwúlò tí irú fíìmù báyìí ní fún wa kì í ṣe láti sọ fún wa pé àwọn ọlọ́pàá kan ń hùwà ìkà. Ta ni ní Nàìjíríà ni ó ń dúró de fíìmù òyìnbó kí ó tó mọ ìyẹn? Ìwúlò rẹ̀, lójú tèmi, ni pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan sílẹ̀ fún wa, yàrá tí aláìṣẹ̀ ń wọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́, tí ó sì ń tibẹ̀ jáde ní ẹni tí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

The Central Park Five ni orúkọ fíìmù tí à ń wò náà. Ken Burns, ọmọ rẹ̀ obìnrin Sarah Burns, àti David McMahon ni wọ́n ṣe é, tí ó jáde ní 2012. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1989, wọ́n lu obìnrin kan tí ó ń sáré ìdárayá nínú ọgbà ìgbafẹ́ Central Park ní àlùbami, wọ́n fipá bá a lò pọ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú àgbàrá ẹ̀jẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú, ṣùgbọ́n kò rántí ohunkóhun nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ yìí kan náà, ọ̀wọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan wà nínú ọgbà náà tí wọ́n ń da àwọn tí ń kọjá láàmú, ibẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn. Àwọn márùn-ún tí ọ̀rọ̀ náà wá jókòó lé lórí ni Kevin Richardson àti Raymond Santana, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 14. Antron McCray àti Yusef Salaam, ọmọ ọdún 15. Àti Korey Wise, ọmọ ọdún 16. Orúkọ Wise kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí ọlọ́pàá ń wá. Salaam, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni wọ́n wá mú, òun sì tẹ̀ lé e kí ó má baà dá lọ. Ẹni tí a kàn ní kí ó sinni dé àgọ́ ọlọ́pàá ni ó pẹ́ jù lọ lẹ́wọ̀n nínú gbogbo wọn, nítorí pé ọmọ ọdún 16 ni, ẹ̀wọ̀n àwọn àgbàlagbà ni wọ́n sì kó o sí.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí Dádì rí ni pé kámẹ́rà náà kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn ọlọ́pàá ti fi wà pẹ̀lú àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ń bi wọ́n ní ohun kan náà lọ síwá-sẹ́yìn, tí òru ń di òwúrọ̀, tí oorun ń kun ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni tó tan kámẹ́rà. Ìparí ọ̀rọ̀ ni a rí nínú fídíò; ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sí lórí téèpù kankan. Ẹni tí ó bá ìdílé kan nídìí oúnjẹ, tí ọbẹ̀ ti wà nínú àwo, kò lè sọ pé òun mọ ọwọ́ tí ó da iyọ̀ sínú ìkòkò. Wise ní tirẹ̀, wọ́n ti mú un lọ sí ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà nínú ọgbà kí ó tó sọ̀rọ̀ lójú kámẹ́rà, nítorí náà, bí ó bá ṣàpèjúwe ibẹ̀, kí ni ìyẹn fi hàn? Salaam kò sọ tirẹ̀ lójú kámẹ́rà rárá. Ohun tí ọlọ́pàá kan sọ fún un ni pé àwọn ti rí àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ obìnrin náà. Irọ́ pátápátá ni, kò sí àmì ìka kankan.

Bí irọ́ náà ti burú tó, òfin Amẹ́ríkà gbà á láyè. Láti ọdún 1969 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ ti ṣe ìdájọ́ kan tí àwọn ọlọ́pàá fi ń lè parọ́ fún afurasí nípa ẹ̀rí tí wọ́n ní lọ́wọ́, tí wọ́n lè sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ ti dárúkọ rẹ, tàbí pé àwọn ti rí ọ lórí fídíò. Ó di 2021 kí ìpínlẹ̀ Illinois àti Oregon tó di àwọn àkọ́kọ́ tí ó ṣòfin pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ fi irọ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Dádì, wọn kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Wọ́n ní ìjọba wo ni yóò kọ irú ìyẹn sínú ìwé.

Apá kan wà nínú fíìmù náà tí ó ṣe ohun tí àlàyé mi kò lè ṣe. McCray kò jẹ́ kí wọ́n ya ojú òun. Ohùn rẹ̀ nìkan ni a ń gbọ́. Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe wà pẹ̀lú rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, bí wọ́n ṣe pe bàbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti bí ó ṣe padà wọlé tí ó ti di ẹlòmíràn, tí ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó sọ ohun tí àwọn ènìyàn yìí ń fẹ́ gbọ́ kí wọ́n lè máa lọ sílé. Ohùn ọkùnrin tí ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún ni a ń gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi ọ̀rọ̀ bàbá yìí, ohùn ọmọ ọdún 15 ni ó wọ inú rẹ̀. Dádì, tí wọ́n bí ọmọ mẹ́rin, tí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọkùnrin, kò sọ ohunkóhun. Wọ́n kàn fọwọ́ sí mi pé kí n dá a dúró díẹ̀.

Mo wá padà sórí òwe wọn. Mo ní, "Dádì, ta ni ẹlẹ́jọ́ inú òwe yẹn ń kúnlẹ̀ fún?" Nínú agbo ilé wa, ìyá tàbí bàbá ni ọmọ ń kúnlẹ̀ fún, ẹni tí inú ń bí ṣùgbọ́n tí ó ń wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi tán kí ọmọ lè dìde lọ jẹun. Ìdí nìyẹn tí ìjẹ́wọ́ fi ń gé ìkúnlẹ̀ kúrú. Ẹni tí ó jókòó ní ọ̀ọ́kán ọmọ ọdún 14 ní àgọ́ ọlọ́pàá kò wá ọ̀nà kí ọmọ náà dìde. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ìwé náà kún kí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí ilé ẹjọ́. Òwe yìí gan-an ni bàbá McCray fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá rí láyé rẹ̀. Ó rò pé ìjẹ́wọ́ ni yóò gbé ọmọ òun dìde. Ìgbà tí wọ́n jẹ́wọ́ tán ni ìkúnlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ sì kéré jù nínú wọn lò tó nǹkan bí ọdún mẹ́fà níbẹ̀, nígbà tí Wise lò tó ọdún 13.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ìbá ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà kò bára mu lórí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, lórí ohun tí wọ́n fi lù ú, àti lórí ẹni tí ó ṣe kí ni. Olúkúlùkù ń ti ìfipábánilòpọ̀ náà sí ẹlòmíràn lọ́rùn, òun kàn wà níbẹ̀ ni. Àyẹ̀wò DNA, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ènìyàn, tí wọ́n ṣe kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni nínú wọn mu, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sì ní ìyẹn kò túmọ̀ sí nǹkan ju pé ẹlòmíràn wà pẹ̀lú wọn tí ọwọ́ kò tíì bà. Ẹni náà wà lóòótọ́, Matias Reyes ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni, kò bá ẹnikẹ́ni lọ. Ó ti ń ṣẹ̀wọ̀n fún àwọn ìwà ọ̀daràn mìíràn nígbà tí ó pàdé Wise lẹ́wọ̀n, tí ó sì jẹ́wọ́ ní 2002 pé òun ni. DNA rẹ̀ bá a mu. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ilé ẹjọ́ fagi lé ìdájọ́ àwọn márààrún, ó sì tún di 2014 kí ìlú New York tó san nǹkan bí 41 mílíọ̀nù dọ́là fún wọn ní owó gbà-má-bínú.

Ohun kan tí mo ń bínú sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọlọ́pàá nìkan kọ́ ni wọ́n kọ́ ilé irọ́ náà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ṣẹlẹ̀ tí Donald Trump, oníṣòwò ilé nígbà náà, fi ra ojú ìwé odidi nínú ìwé ìròyìn mẹ́rin ní New York láti fi béèrè pé kí wọ́n dá ìjìyà ikú padà. Ìgbẹ́jọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ o. Ariwo ti pọ̀ débi pé ẹni tí ó bá ní òun ń ṣiyèméjì yóò dà bí ẹni tí kò káàánú obìnrin tí ó wà ní ilé ìwòsàn. Mo sì mọ̀ ọ́n lára pé, ká ní mo wà níbẹ̀ ní 1989, mo lè wà lára àwọn tí ń pariwo.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé a ní tiwa. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó nínú ìròyìn alẹ́: wọn a to àwọn ọkùnrin kan sórí ìlà, wọn a to ìbọn àti ìfúnpá sílẹ̀ níwájú wọn, oníròyìn a sì na gbohùngbohùn sí ọ̀kan lẹ́nu, òun náà a ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni, iṣẹ́ Èṣù ni." Gbogbo wa nínú pálọ̀ a gbé wọn ṣépè, a ó sì padà sídìí oúnjẹ wa. N kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnìkan nínú wa béèrè pé wákàtí mélòó ni ọkùnrin yìí ti wà ní àtìmọ́lé kí àwọn oníkámẹ́rà tó dé, tàbí pé kí ni ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó fi ń tiro. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 ti ní kí wọ́n máa fi fídíò gba ìjẹ́wọ́ afurasí sílẹ̀, tàbí kí ó wáyé níwájú agbẹjọ́rò rẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní 2021 sì ní kí ọlọ́pàá jáwọ́ nínú títo afurasí síwájú oníròyìn. Òfin dára. Ṣùgbọ́n fídíò tí òfin ń béèrè yìí náà ni mo fẹ́ kí a fi ojú fíìmù New York wò dáadáa, nítorí pé àwọn ọmọ yẹn náà ní fídíò. Bí wọn kò bá tan kámẹ́rà láti ìgbà tí ènìyàn ti jókòó títí di ìgbà tí ó dìde, bí wọ́n bá kọ́kọ́ "múra rẹ̀ sílẹ̀" ná, fídíò náà yóò kàn máa fi ìdí irọ́ múlẹ̀ ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ní àdúgbò wa bọ́ sí irú rẹ̀ lórí fóònù tí ó sọnù nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò lẹ́yìn káńtà ọlọ́pàá kí ẹni tí ó ni fóònù tó rí i lábẹ́ àga ọkọ̀ ara rẹ̀. Nígbà yẹn, ọmọ náà ti buwọ́ lu ìwé pé òun ni òun jí i, ó tilẹ̀ ti sọ iye tí òun tà á. Mo bi í pé kí ló dé, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni n kò gbọ́n, ó ní, "Wọ́n ní bí mo bá ti fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn."

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ohun tí fíìmù bá sọ ni mo ń gbé mì. Èyí tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni The Thin Blue Line, tí Errol Morris gbé jáde ní 1988, nítorí pé ó ṣe iṣẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá Dallas kọ̀ láti ṣe. Wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá kan ní ìlú náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1976, wọ́n sì dá ikú fún Randall Dale Adams lórí ẹ̀rí David Harris, ọmọ ọdún 16 kan tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó jí ọkọ̀ àti ìbọn tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ibi náà. Adams kò jẹ́wọ́ ní tirẹ̀, wọ́n sì dá a lẹ́bi bẹ́ẹ̀ náà. Morris ya ìṣẹ̀lẹ̀ ojú títì náà lákọ̀tun ní ọ̀nà oríṣiríṣi, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan ṣe sọ ọ́. Nínú rẹ̀ ni ife ohun mímu tí ọlọ́pàá kejì ń mu ti ń fò nínú afẹ́fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ó ṣubú, tí ó sì tú sílẹ̀, kí a lè bi ara wa pé ṣé ọlọ́pàá náà ti jáde láti ran ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ ni, àbí inú ọkọ̀ ni ó ṣì jókòó sí. Ní ìparí, kámẹ́rà bàjẹ́ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n ya Harris kẹ́yìn, nítorí náà ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan ni a ń wò, tí Harris ń ti inú rẹ̀ sọ pé ó dá òun lójú pé Adams kò mọwọ́ mẹsẹ̀, nítorí òun ni òun mọ̀. Ní 1989, lẹ́yìn ọdún 12, Adams jáde. Kò gba kọ́bọ̀ owó gbà-má-bínú títí ó fi kú ní 2010, kódà òun àti Morris bá ara wọn ṣẹjọ́ díẹ̀ lórí ẹni tí ó ni ìtàn ayé rẹ̀ kí wọ́n tó yanjú rẹ̀.

Àwọn fíìmù tí ó tẹ̀ lé e kò fi gbogbo ìgbà ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni àwọn baba wa wí, òwe náà sì bá ẹni tí ń ṣe fíìmù wí bí ó ti bá adájọ́ wí. Ẹ wo Making a Murderer, tí ó jáde ní 2015, lórí Steven Avery ti ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ọdún 18 ni ọkùnrin náà fi ṣẹ̀wọ̀n ìfipábánilòpọ̀ tí DNA fi hàn pé kò ṣe, kí wọ́n tó tún mú un ní 2005 lórí ọ̀rọ̀ ìpànìyàn. Ìtàn àkọ́kọ́ yẹn dun ènìyàn débi pé nígbà tí a bá fi dé ti èkejì, a ti dá a láre lọ́kàn wa, a kò sì ní mọ̀ pé àwọn ẹ̀rí kan tí ìjọba mú wá, bí i DNA rẹ̀ tí wọ́n ní àwọn rí ní ìdérí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ obìnrin tí wọ́n pa, kò sí nínú fíìmù náà. Ẹni tí ó gé fíìmù náà ní yàrá tirẹ̀, kò sì pe kámẹ́rà síbẹ̀. N kò mọ ohun tí Avery ṣe tàbí tí kò ṣe, fíìmù náà kò sì lè sọ ọ́ di mímọ̀ fún mi, bí ó ti wù kí orin inú rẹ̀ dùn tó.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kò lè fi gígé ṣe, nítorí pé téèpù ọlọ́pàá fúnra wọn ni, ohun tí mo sì fi han Dádì ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e nìyẹn. Brendan Dassey, ọmọ àbúrò Avery obìnrin, ọmọ ọdún 16 tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, jókòó sórí àga pẹ̀lú àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì ní 2006, kò sí òbí, kò sí agbẹjọ́rò. Wọ́n ń bi í pé kí ni wọ́n ṣe sí orí obìnrin náà. Ó ní àwọn gé irun rẹ̀. Wọ́n ní kí tún ni. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú. Wọ́n ní kí tún ni. Ó ní òun gé e lọ́fun. Ó ń dá a kiri bí ọmọ tí tíṣà ń bi ní ìṣirò tí kò mọ̀, títí ó fi sú ọ̀kan nínú wọn, tí ó sì bi í pé ta ni ó yìnbọn fún un lórí. Ọmọ náà ní ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni. Wọ́n ní kí ló dé tí kò ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó ní òun kò rántí rẹ̀ ni.

Dádì ní kí n tún un gbé padà sẹ́yìn. A wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó jẹ́wọ́ tán, Dassey béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọn yóò dá òun padà sí ilé ẹ̀kọ́ kí ó tó di ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹfà, nítorí pé ó ní iṣẹ́ kan tí ó yẹ kí òun fi sílẹ̀ fún olùkọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ṣé ó ti wálé?" ni Dádì béèrè.

Mo ní adájọ́ kan fagi lé ìdájọ́ náà ní 2016, àwọn adájọ́ mìíràn sì dá a padà ní ọdún kejì pẹ̀lú ìbò mẹ́rin sí mẹ́ta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 2018. Mo ní ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún báyìí, ẹ̀wọ̀n náà ni ó ṣì wà. Dádì wọ awò ojú wọn padà, wọ́n ní kí n bá wọn wá iye ọdún tí wọ́n ní kí ó lò kí wọ́n tó lè tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Ọdún 2048 ni.